ELIZA, MAD, SLIP, FAP àti CTSS: Èwo ni Èdè, Èwo ni Irinṣẹ́?

Ní oṣù kìíní ọdún 1966, Joseph Weizenbaum, olùkọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nípa ètò kọ̀ǹpútà kan tó pè ní ELIZA. Ètò yìí lè bá èèyàn fọ̀rọ̀ wérọ̀ lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, bí ẹni pé oníṣègùn ọkàn kan ló jókòó tó ń gbọ́ ẹjọ́ aláìsàn rẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ pé Lisp, ọ̀kan nínú àwọn èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni wọ́n fi kọ ELIZA, nítorí pé ẹ̀dà kan tí ẹlòmíràn fi Lisp tún kọ ló tàn kálẹ̀ jù lọ. Òdodo ibẹ̀ ni pé MAD ni èdè tí Weizenbaum fi kọ ọ́, ó lo SLIP nínú rẹ̀, FAP ni wọ́n fi kọ apá kan nínú SLIP, orí CTSS sì ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, nínú kọ̀ǹpútà IBM 7094.

Ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà á ka gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn tán, orúkọ márùn-ún á sì dàrú mọ́ ọn lójú. Kì í ṣe pé àwọn orúkọ náà ṣòroó pè. Ohun tó ń fa ìdàrúdàpọ̀ ni pé a máa ń to àwọn ohun tí kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn sórí ìlà kan náà: èdè, ògbufọ̀ tó ń túmọ̀ èdè, àkójọ iṣẹ́ tí a lè tún lò, ètò tó ń darí ẹ̀rọ, àti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Mo yan CTSS láti fi ṣàlàyé ìyàtọ̀ wọn, nítorí pé ní ìgbà ayé rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń lò lónìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba orúkọ. Wọ́n ṣì kéré nígbà náà, ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi wà sì hàn kedere.

Ẹ̀rọ kan, èèyàn púpọ̀

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, kọ̀ǹpútà wọ́n débi pé àwọn tó ni ín kì í fẹ́ kó dúró lásán fún ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá fẹ́ kó ṣe ìṣirò fún òun yóò kọ ètò rẹ̀ sórí ìwé, yóò jókòó ti ẹ̀rọ tó ń lu ihò sára káàdì, ìlà kan sórí káàdì kan, yóò sì kó ìdì káàdì náà fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà. Àwọn yẹn yóò kó o pọ̀ mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn sórí téèpù, kọ̀ǹpútà yóò sì máa ṣe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ti ẹni àkọ́kọ́ tán kó tó kan ti ẹnì kejì. Ó lè di ọjọ́ kejì kí oníṣẹ́ tó gba èsì. Bí ó bá sì jẹ́ pé kọ́mà kan ṣoṣo ló gbàgbé, gbogbo èsì tí yóò gbà kò ní ju ìwé tó ń sọ fún un pé àṣìṣe wà níbẹ̀, yóò tún káàdì náà lù, yóò sì tún padà sẹ́yìn ìlà.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1959, John McCarthy, tó wà ní MIT nígbà náà, kọ̀wé láti dábàá pé kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa lo kọ̀ǹpútà kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí kálukú jókòó sí iwájú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tirẹ̀, kó sì máa gba èsì lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó jọ bẹ́ẹ̀ ni Christopher Strachey náà sọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún yẹn kan náà. Fernando Corbató àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní MIT ló sọ àbá náà di ohun tí èèyàn lè fojú rí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1961, wọ́n fi í hàn lórí kọ̀ǹpútà IBM 709 pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mẹ́rin. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Compatible Time-Sharing System, èyí tí àwọn èèyàn gé kúrú sí CTSS. Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú nínú orúkọ náà fi hàn pé ó lè bá ọ̀nà àtijọ́ gbé pọ̀: bí àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá ti ń ṣe tiwọn, iṣẹ́ àwọn tó mú ìdì káàdì wá ń lọ lábẹ́lẹ̀.

Bí a bá fẹ́ mọ bí pípín àkókò ṣe ń ṣiṣẹ́, kí a ronú kan ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń lọ nǹkan nínú ọjà, tí èèyàn mẹ́wàá tò síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ wọn. Ní ìlànà àtijọ́, alẹ́rọ gbọ́dọ̀ lọ àpò àgbàdo ẹni àkọ́kọ́ tán pátápátá kó tó yíjú sí ẹni tó kàn fẹ́ lọ abọ́ ata kékeré kan. Ní ìlànà pípín àkókò, alẹ́rọ yóò lọ ẹ̀kúnwọ́ kan fún ẹni àkọ́kọ́, ẹ̀kúnwọ́ kan fún ẹnì kejì, yóò sì máa yí wọn ká bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì yá débi pé kálukú á rò pé òun nìkan ni wọ́n ń dá lóhùn. Ẹni tí kò mú ju ata díẹ̀ wá kò ní pẹ́ kúrò níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ lọ ẹ̀wà kò ní gbà kí wọ́n da ẹ̀wà òun sí ibi tí wọ́n ti lọ ata tán báyìí. Wọ́n gbọ́dọ̀ fọ ẹ̀rọ ná, fífọ ẹ̀rọ náà sì ń gba àkókò.

Bó ṣe rí nínú CTSS gẹ́lẹ́ nìyẹn. Nígbà tí àkókò ẹnì kan bá pé, wọ́n gbọ́dọ̀ kó ètò rẹ̀ kúrò nínú ìrántí kọ̀ǹpútà lọ sórí dísíìkì tàbí ìlù onímágínẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n tó kó ti ẹlòmíràn wọlé. Èyí ni wọ́n fi máa ń kọ òǹkà méjì fún oníṣẹ́ nígbà tí àṣẹ tó pa bá parí. Ìlà kan yóò jáde tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà R, tó túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ ti ṣe tán láti gbọ́ àṣẹ mìíràn, òǹkà méjì yóò sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú àmì ìròpọ̀ láàárín wọn: èkíní ni iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ̀rọ fi ṣe iṣẹ́ náà gan-an, èkejì sì ni iye tó fi ń kó ètò rẹ̀ wọlé àti jáde. Ó wù mí pé wọn kò pa èkejì mọ́. Oníṣẹ́ rí iye tí lílọ ata rẹ̀ ná an, ó sì rí iye tí fífọ ẹ̀rọ ná an.

Kọ̀ǹpútà IBM 7094 tí CTSS wá lò fún ọ̀pọ̀ ọdún ní apá ìrántí méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gba ọ̀rọ̀-ẹ̀rọ 32,768 (ọ̀rọ̀-ẹ̀rọ ni ìdì òǹkà kan tí ẹ̀rọ ń mú lẹ́ẹ̀kan náà). Apá àkọ́kọ́ ni ibùgbé ètò olùdarí, apá kejì sì ni wọ́n ń kó ètò àwọn oníṣẹ́ sí. IBM ní láti ṣe àfikún sí ẹ̀rọ náà fún MIT, kí ètò oníṣẹ́ kankan má baà lè kọjá ààlà rẹ̀ lọ fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, kí aago kan sì wà tí yóò máa ta olùdarí jí nígbà tí àkókò ẹnì kan bá pé. Bí kò bá sí nǹkan méjèèjì yìí, ètò kan ṣoṣo tó bá ń yí po láìdúró ì bá gba ẹ̀rọ mọ́ gbogbo èèyàn lọ́wọ́. Pẹ̀lú wọn, nǹkan bí ọgbọ̀n èèyàn lè máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí náà, CTSS kì í ṣe èdè, èèyàn kì í sì í fi CTSS kọ nǹkan. CTSS ni alẹ́rọ inú àkàwé wa, tó ń pín àkókò, tó ń tọ́jú fáìlì, tó ń gbọ́ àṣẹ tí èèyàn bá tẹ̀, tó sì ń pe irinṣẹ́ tí àṣẹ náà dárúkọ. Ohun tí wọ́n fi kọ CTSS fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn: FAP ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n sì fi MAD kọ apá kan.

Orúkọ kan, nǹkan mẹ́ta

Èdè kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà 7094 gbọ́, òun ni èdè ẹ̀rọ, tí kì í ṣe ohun mìíràn ju òǹkà odo àti ení lọ, mẹ́rìndínlógójì nínú ọ̀rọ̀-ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Èèyàn lè kọ ètò lọ́nà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n yóò dá a lágara. FAP ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ kúrò nínú ìyà yẹn. Nínú FAP, wọ́n fún àṣẹ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ kúkúrú, tó sábà máa ń jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta, wọ́n sì jẹ́ kí èèyàn fún ibi tó kó nǹkan sí nínú ìrántí ní orúkọ tó bá wù ú. Bí a bá fẹ́ ro A àti B pọ̀, kí a sì pe àpapọ̀ wọn ní C, ohun tí a ó kọ nìyí:

CLA A
ADD B
STO C

Ìlà àkọ́kọ́ ní kí ẹ̀rọ nu ojú ibi tó ti ń ṣírò, kó sì gbé iye tó wà ní A síbẹ̀. Ìkejì ní kó ro iye B mọ́ ọn. Ìkẹta ní kó tọ́jú àpapọ̀ rẹ̀ sí C. Ìlà kan nínú FAP máa ń di àṣẹ kan fún ẹ̀rọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹni tó ń kọ FAP gbọ́dọ̀ mọ inú ẹ̀rọ náà dáadáa, ohun tó sì kọ kò lè wúlò lórí ẹ̀rọ tí ìṣẹ̀dá rẹ̀ yàtọ̀.

MAD gba ọ̀nà mìíràn. Nínú MAD, gbogbo ìlà mẹ́ta òkè yẹn kò ju èyí lọ:

C = A + B

Bí a bá sì fẹ́ kí ètò fò lọ sí ibi tí a pè ní OPIN nígbàkigbà tí C bá ju ọgọ́rùn-ún lọ, a ó kọ ọ́ báyìí:

WHENEVER C .G. 100, TRANSFER TO OPIN

Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì á fẹ́rẹ̀ẹ́ lóye rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lò kì í sì í tẹ ọ̀rọ̀ gígùn wọ̀nyẹn tán, nítorí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ìgbà náà kì í yára. Wọ́n lè kọ W'R dípò WHENEVER, kí wọ́n sì kọ T'O dípò TRANSFER TO. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ń mú, àti èyí tó parí rẹ̀, pẹ̀lú àmì kékeré láàárín méjèèjì. Fásitì Michigan ni MAD ti wá. Bernard Galler, Bruce Arden àti Robert Graham ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1959, wọ́n sì wo àwòkọ́ṣe èdè ALGOL ọdún 1958. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn, nítorí náà wọ́n ṣe ògbufọ̀ rẹ̀ kó yá gan-an.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ lo ọ̀rọ̀ náà ògbufọ̀, nítorí pé ibí yìí ni ìdàrúdàpọ̀ ti pọ̀ jù. Èdè ni àdéhùn nípa bí a ṣe ń kọ nǹkan àti ohun tí ohun tí a kọ túmọ̀ sí. Inú ìwé òfin èdè náà ló wà, àti inú orí àwọn tó gbọ́ ọ. Ògbufọ̀ jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà kan, tí ẹnì kan jókòó kọ, tó ń ka ohun tí a fi èdè náà kọ, tó sì ń sọ ọ́ di èdè ẹ̀rọ. Ògbufọ̀ lè ya ọ̀lẹ, ó lè ṣe àṣìṣe, ó lè máà gbọ́ gbogbo èdè náà tán, kí èdè fúnra rẹ̀ sì wà láìní àbùkù. Èdè kan lè ní ògbufọ̀ mẹ́ta, bó ṣe jẹ́ pé ògbufọ̀ mẹ́ta lè bá ẹnì kan náà túmọ̀ Yorùbá ní kóòtù, kí ọ̀kan dára ju èkejì lọ.

Nínú CTSS, orúkọ ló wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ lọ́jú pọ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń gba àyè odo àti ení mẹ́fà, ọ̀rọ̀-ẹ̀rọ kan sì jẹ́ mẹ́rìndínlógójì, nítorí náà lẹ́tà mẹ́fà ló wọ inú ọ̀rọ̀-ẹ̀rọ kan. Ìdí nìyẹn tí fáìlì kọ̀ọ̀kan fi ní orúkọ méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ ju lẹ́tà mẹ́fà lọ. Ìkíní ni orúkọ tí oníṣẹ́ sọ ọ́, ìkejì sì dà bí orúkọ ìdílé, ó ń sọ irú ohun tó wà nínú fáìlì náà. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé mo kọ ètò kan tó ń ṣírò owó, mo sì sọ fáìlì rẹ̀ ní OWO MAD. Bí mo bá fẹ́ kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀, àṣẹ tí n ó tẹ̀ ni MAD OWO. CTSS yóò pe ògbufọ̀ jáde, ògbufọ̀ yóò ka OWO MAD, bí kò bá sì rí àṣìṣe, yóò dá fáìlì tuntun kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ OWO BSS, tí èdè ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀.

MAD mẹ́ta ló wà nínú ìtàn kékeré yẹn. Ọ̀kan ni èdè tí mo fi kọ ètò mi. Ọ̀kan ni ògbufọ̀ tí mo fi àṣẹ pè. Ìkẹta ni orúkọ ìdílé tí mo fún fáìlì mi. FAP náà rí bẹ́ẹ̀: èdè kan wà tó ń jẹ́ FAP, ètò kan wà tó ń túmọ̀ rẹ̀ tó ń jẹ́ FAP, fáìlì tó sì ní FAP nínú máa ń jẹ́ FAP ní orúkọ kejì. Bí ẹnì kan bá sọ pé MAD yá, ògbufọ̀ ló ń sọ. Bí ó bá sọ pé MAD rọrùn láti kọ́, èdè ló ń sọ. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ á rò pé wọ́n ń ta ko ara wọn.

Yíyá tí ògbufọ̀ MAD yá ṣe pàtàkì púpọ̀ lórí CTSS, ju bó ti ṣe pàtàkì lọ níbi tí wọ́n ti ń lo káàdì. Ẹni tí yóò dúró títí di ọ̀la kò bìkítà bóyá ìtumọ̀ gba ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí ogún. Ẹni tó jókòó síwájú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń wò ó bìkítà gan-an, nítorí ó lè kọ, kó túmọ̀, kó rí àṣìṣe, kó tún un ṣe, kó sì tún túmọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárín wákàtí kan. Lójú tèmi, èyí ni ìyípadà tó tóbi jù tí pípín àkókò mú bá iṣẹ́ kíkọ ètò: ó sọ àṣìṣe di ohun kékeré tí èèyàn lè tún ṣe kó tó gbàgbé ohun tó ní lọ́kàn.

Láti BSS dé orí iṣẹ́ gan-an

Fáìlì OWO BSS tí ògbufọ̀ kọ kò tíì lè ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ètò mi lè ti sọ pé kí wọ́n bá òun wá ìlọ́po kejì òǹkà kan sẹ́yìn (ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní square root), kó tẹ èsì jáde, kó sì ka ohun tí èèyàn bá tẹ̀ wọlé, síbẹ̀ kì í ṣe èmi ni mo kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọ̀nyí. Àwọn mìíràn ti kọ wọ́n, wọ́n ti túmọ̀ wọn, wọ́n sì ti kó wọn jọ sí ibi kan tí gbogbo èèyàn ti lè mú lò. Irinṣẹ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ògbufọ̀ ló ń kó OWO BSS sínú ìrántí, tó ń wo gbogbo orúkọ tí ètò náà pè tí kò sí nínú rẹ̀, tó ń wá wọn rí nínú àkójọ náà, tó sì ń so wọ́n pọ̀ di odindi. LOADGO OWO ni àṣẹ rẹ̀: ó kó o, ó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí mo bá fẹ́ dá a dúró kí n sì tọ́jú rẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, àṣẹ SAVE yóò gbé e sínú fáìlì tó ń jẹ́ OWO SAVED, RESUME yóò sì mú un bẹ̀rẹ̀ padà níbi tó dúró sí.

Níbi yìí la ti lè rí ipò SLIP. Weizenbaum ló ṣe é, ó sì tẹ àpilẹ̀kọ nípa rẹ̀ jáde ní ọdún 1963. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí ètò lè tọ́jú àtòjọ tó ń gùn tó sì ń kúrú, bí ọ̀rọ̀ inú gbólóhùn tí èèyàn sọ, nítorí pé òǹkà ni wọ́n dá MAD àti FORTRAN, èdè mìíràn ìgbà náà, fún ní pàtàkì. Àwọn kan máa ń pe SLIP ní èdè, mo sì mọ ìdí rẹ̀, nítorí ètò tó bá lò ó dáadáa máa ń ní ojú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní ògbufọ̀ tirẹ̀. Àkójọ iṣẹ́ ni, tí èèyàn ń pè láti inú FORTRAN tàbí MAD, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń pe iṣẹ́ tó ń wá ìlọ́po kejì sẹ́yìn. Ẹni tó bá ń kọ̀wé ní Yorùbá tó sì ń fi òwe sí i kò tíì fi Yorùbá sílẹ̀ lọ sí èdè mìíràn, bó ti wù kí òwe náà pọ̀ tó. Àwọn iṣẹ́ tó jinlẹ̀ jù nínú SLIP, tó nílò láti fọwọ́ kan apá kékeré inú ọ̀rọ̀-ẹ̀rọ, ni wọ́n fi FAP kọ, nítorí MAD kò rọrùn fún irú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti túmọ̀ méjèèjì di BSS, irinṣẹ́ ìsopọ̀ kò mọ èyí tó ti inú MAD wá yàtọ̀ sí èyí tó ti inú FAP wá, kò sì nílò rẹ̀.

Èdè mìíràn tún wà lórí CTSS lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí: FORTRAN, Lisp tí McCarthy dá sílẹ̀, COMIT, SNOBOL, àti AED ti Douglas Ross. Gbogbo wọn lè wà lórí ètò olùdarí kan náà láìdí ara wọn lọ́wọ́. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Dartmouth ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, John Kemeny àti Thomas Kurtz gba ọ̀nà tó yàtọ̀. Èdè BASIC wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ètò pínpín àkókò tiwọn ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1964, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí akẹ́kọ̀ọ́ má nílò láti mọ ibi tí èdè parí sí àti ibi tí ètò olùdarí ti bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ ìlà tó ní òǹkà níwájú, á tẹ RUN, èsì á sì jáde. Àánú ńlá ni wọ́n ṣe akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà pé ọ̀pọ̀ ẹni tó bá BASIC dàgbà ló ti ibẹ̀ rò pé nǹkan kan náà ni èdè àti ètò olùdarí.

Kíkọ, títún kọ, àti ọjọ́ tí àṣírí tú

Kí ògbufọ̀ tó lè ka OWO MAD, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti tẹ̀ ẹ́ wọlé. Irinṣẹ́ ìtúnkọ ló wà fún èyí. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà á mọ́ irinṣẹ́ pàtàkì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí oníṣẹ́ ń lò pẹ́ tó o. Kò sí ojú gíláàsì tí ọ̀rọ̀ ń hàn lórí rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń lo CTSS lójoojúmọ́. Orí ìwé ni gbogbo ohun tí wọ́n tẹ̀ àti èsì rẹ̀ ń jáde sí. Oníṣẹ́ kò lè nawọ́ sí ibi àṣìṣe. Ó gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ júwe rẹ̀: wá ìlà tó ní ọ̀rọ̀ báyìí, yí ọ̀rọ̀ yìí sí èyí, tẹ ìlà náà kí n rí i.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nídìí irinṣẹ́ yìí tí Corbató fúnra rẹ̀ sọ nínú ọ̀rọ̀ tó sọ nígbà tó gba ẹ̀bùn Turing, ẹ̀bùn ńlá àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ti ọdún 1990. Àwọn tó kọ irinṣẹ́ ìtúnkọ náà ti gbà pé ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa ṣiṣẹ́ nínú àpò fáìlì kan, nítorí náà wọ́n fún fáìlì ìgbà díẹ̀ tí irinṣẹ́ náà ń lò ní orúkọ kan tí kì í yí padà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú òfin yẹn fún àwọn alábòójútó, kí ju ẹnì kan lọ nínú wọn lè ṣiṣẹ́ nínú àpò kan náà, wọn kò sì rántí ohun tí irinṣẹ́ ìtúnkọ gbà gbọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, alábòójútó kan ń tún ìfitónilétí tí gbogbo èèyàn máa ń rí bí wọ́n bá wọlé ṣe, ẹlòmíràn sì ń tún fáìlì ọ̀rọ̀ aṣínà ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Fáìlì ìgbà díẹ̀ méjèèjì gba ipò ara wọn. Láti ìṣẹ́jú yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá wọlé ń rí ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo èèyàn tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń tẹ̀ síwájú rẹ̀.

Mo sọ èyí nítorí pé ó fi ìyàtọ̀ tí a ń wá hàn ju àlàyé lọ. Ètò olùdarí ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Kò sí àṣìṣe nínú èdè kankan. Inú irinṣẹ́ kan ni ìgbàgbọ́ àtijọ́ ti ku, lẹ́yìn tí ètò olùdarí tó yí i ká ti yí padà.

Ken Thompson tún irinṣẹ́ ìtúnkọ kan tó ń jẹ́ QED kọ fún CTSS lẹ́yìn náà, èyí tí àwọn mìíràn ti kọ́kọ́ ṣe ní fásitì Berkeley. Ó fi ohun kan kún un tí a kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní: dípò kí oníṣẹ́ dárúkọ ọ̀rọ̀ kan pàtó, ó lè ṣàpèjúwe irú ọ̀rọ̀ tó ń wá, bíi pé ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A, òǹkà sì tẹ̀ lé e. QED ni òbí ed, irinṣẹ́ ìtúnkọ mìíràn, inú ed sì ni grep, irinṣẹ́ tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, ti jáde wá.

Irinṣẹ́ wà fún wíwá ìdí àṣìṣe pẹ̀lú. FAPDBG máa ń jẹ́ kí oníṣẹ́ dá ètò dúró ní ibi tó bá fẹ́, kó wo ohun tó wà nínú ìrántí, kó yí i padà, kó sì jẹ́ kí ètò máa lọ. Lábẹ́ ìlànà káàdì, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dá odindi kọ̀ǹpútà dúró kí òun lè ronú yóò ná owó tí kò kéré. Lórí CTSS, bí ẹnì kan bá dúró ronú, alẹ́rọ á kàn máa lọ ti ẹlòmíràn.

Louis Pouzin, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó wá ṣiṣẹ́ ní MIT, ṣàkíyèsí pé òun ń tẹ àṣẹ kan náà tẹ̀ léra wọn lójoojúmọ́: tún kọ, túmọ̀, kó sínú ìrántí, bẹ̀rẹ̀. Ó kọ RUNCOM, tó jẹ́ kí èèyàn to àwọn àṣẹ náà sínú fáìlì kan, kó sì pe fáìlì náà bí ẹni ń pe àṣẹ kan ṣoṣo, kó tilẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ tí yóò máa yí padà. Ó wá rò ó síwájú fún Multics, ètò tí wọ́n gbèrò lẹ́yìn CTSS, ó sì fún ohun tó ń gba àṣẹ lẹ́nu èèyàn ní orúkọ náà shell. Àwọn kan ń bi mí bóyá shell jẹ́ èdè. Ibi tí èdè àti irinṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan nìyí ní tòótọ́, nítorí pé àṣẹ tí èèyàn ń pa fún ẹ̀rọ ló di ohun tó ń kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ètò.

Kò pẹ́ tí irinṣẹ́ tí kì í ṣe ti akọ̀wé ètò nìkan náà fi dé. Jerome Saltzer kọ TYPSET àti RUNOFF ní ọdún 1964, kó lè fi wọ́n tẹ ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀: TYPSET fún kíkọ, RUNOFF fún títò ó dáadáa sójú ewé, pẹ̀lú àṣẹ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìdánudúró ní orí ìlà. Ní ọdún 1965, Tom Van Vleck àti Noel Morris kọ àṣẹ MAIL, tó jẹ́ kí oníṣẹ́ lè fi lẹ́tà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn nínú kọ̀ǹpútà náà.

Ní báyìí, a lè padà sórí ELIZA. CTSS ṣíwọ́ iṣẹ́ ní ọdún 1973, kò sì sí 7094 tó ń ṣiṣẹ́ níbikíbi tí èèyàn lè gbé ELIZA lé. Ní ọdún 2021, wọ́n rí ìwé tí wọ́n tẹ ètò náà sí láàárín àwọn ìwé Weizenbaum tí MIT tọ́jú, ó sì hàn gbangba níbẹ̀ pé MAD ni, pẹ̀lú SLIP. Àwọn tó fẹ́ jí i dìde rí i pé níní ìwé náà kò tó. Wọ́n ní láti rí ètò tó ń ṣe bí ẹni pé 7094 ni lórí kọ̀ǹpútà òde òní, kí wọ́n gbé CTSS sórí rẹ̀, kí wọ́n pe ògbufọ̀ MAD jáde láti ka ELIZA, kí wọ́n pe FAP jáde láti ka apá tí wọ́n fi FAP kọ nínú SLIP, kí wọ́n sì tún àwọn iṣẹ́ SLIP tó ti sọnù kọ, nítorí pé irinṣẹ́ ìsopọ̀ kò ní gbà láti so ètò tí orúkọ kan nínú rẹ̀ kò ní ẹni tí yóò dá a lóhùn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, gbogbo rẹ̀ so pọ̀, ELIZA sì tún bẹ̀rẹ̀ sí bi èèyàn léèrè ohun tó ń dà á láàmú.